Ẹ̀jẹ̀ Ilé

Àwọn ọmọ tó ń wá sí kíláníìkì ìwádìí àtọ̀gbẹ kò fi orúkọ pe nọ́ọ̀sì yìí rí. Ìyá Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń pè é, torí ẹ̀ẹ̀kan péré ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń wọlé. Kì í wá iṣan kiri bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sábẹ́ àga. Á fi ìka kan tẹ apá ọmọ, á béèrè orúkọ tíṣà rẹ̀, kí ọmọ náà tó dáhùn tán, túùbù ti kún, òwú ti wà lójú ibẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ yẹn, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ débẹ̀ máa ń rò pé kò sí ohun tí òun lè ṣì ṣe mọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wọlé.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní kíláníìkì náà kò le láti ṣàlàyé. Àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń wádìí kì í ṣe èyí tó ń bá àgbàlagbà tó sanra. Ti ọmọdé ni. Nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa, ọmọ ogun wà níbẹ̀ tí Ẹlẹ́dàá fi sí i pé kí wọ́n máa lé àrùn. Nínú ara àwọn ọmọ kan, ọmọ ogun wọ̀nyí á kàn yíjú padà sílé, wọ́n á máa kọ lu ẹ̀yà ara kékeré tó ń ṣe ínsúlínì, díẹ̀díẹ̀, fún ọdún mélòó kan, títí tí kò fi ní sí ohun tí yóò kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà kò kàwé dókítà, wọ́n sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ohun tí Ọ̀gá Dókítà àtàwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń wá ni àmì tí ogun abẹ́lé yẹn ń fi sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kí àìsàn tó fojú hàn. Ọmọ tó bá ní àmì kan, wọ́n á ní kí ó máa lọ sílé, kí ó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ tó bá ní méjì, ó lè máa sáré, kó máa fò, kó gba ipò kìíní nínú eré ìje, àìsàn náà ti ń bọ̀ lọ́nà.

Ṣùgbọ́n kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàìsàn bí kò bá mọ ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Nítorí náà, wọ́n nílò ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí kò sí àtọ̀gbẹ nínú ìdílé wọn, kí wọ́n lè fi wé tàwọn yòókù. Ìyá wo ló fẹ́ mú ọmọ tí ara rẹ̀ le wá kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un lásán? Wọn kì í wá. Ibẹ̀ ni àṣà kan ti wọ ilé iṣẹ́ náà, tí wọ́n ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ilé. Nígbà tí àpótí tí wọ́n fi ń kó ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù kò bá kún, òṣìṣẹ́ á mú ti ọmọ tirẹ̀ wá, tàbí ti ọmọ àbúrò, tàbí ti ọmọ alábàágbé. Dírẹ́bà ti mú wá rí, obìnrin tó ń fọ ilẹ̀ náà ti mú wá. Kò sí orúkọ lára túùbù, nọ́ńbà ni, àti fọ́ọ̀mù tó ń sọ ọjọ́ orí ọmọ àti pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Òbí ló yẹ kó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà. Tó bá ti jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ilé, ẹni tó bá wà nítòsí ló ń fọwọ́ sí i. Ọ̀gá Dókítà kì í béèrè, wọn kì í sì í sọ fún un.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, àpótí kù díẹ̀ kó kún, ó sì gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ìyá Ẹ̀ẹ̀kan ní kí wọ́n fi méjì sílẹ̀ fún òun. Ọmọbìnrin kan ló bí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ akọ̀wé ní ilé ẹjọ́, náà ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bákan náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wà láàárín wọn, ọmọ nọ́ọ̀sì kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé òun lòún kọ́kọ́ dáyé. Òun ni wọ́n fi ń pè é ní Àgbà. Èkejì ni wọ́n ń pè ní Rédíò, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ìròyìn kan kò sì lè sùn mọ́ ọn nínú. Gbogbo Sátidé ni Rédíò ń wà nílé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, nítorí pé ìyá rẹ̀ ń lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ yẹn.

Ní Sátidé náà, Ìyá Ẹ̀ẹ̀kan jókòó sínú pálọ̀ rẹ̀, ó sọ fún àwọn ọmọ pé òun fẹ́ mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ na apá. Àgbà ní òun ni, Rédíò ní wọn ò ní fi òun ṣe ojo. Wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì náà ń rẹ́rìn-ín. Ó gba ti èkínní, ó gba ti èkejì, ó kó túùbù méjèèjì sínú àpò aṣọ rẹ̀, ó lọ bu omi fún wọn. Lẹ́yìn náà ló jókòó sídìí tábìlì ìdáná tó lẹ nọ́ńbà mọ́ wọn lára, mọ́kànlélógójì àti méjìlélógójì. Nọ́ọ̀sì tó bá ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Kí abẹ́rẹ́ tó kúrò lápá ni wọ́n ń kọ́ wọn pé kí wọ́n lẹ nọ́ńbà, òun gan-an ló sì ń kọ́ wọn. Ó ní in lọ́kàn láti sọ fún àbúrò rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ dé, ó rò ó pé kí ni mo fẹ́ sọ gan-an? Ẹ̀jẹ̀ ṣíbí kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Baba Láàbù, tó ń yẹ àwọn ẹ̀jẹ̀ náà wò, wọ yàrá rẹ̀ wá. Àgbà ọkùnrin tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì ni, kì í yára, kì í sì í pariwo. Ó tẹ́ bébà kan síwájú rẹ̀, ó fi ìka tẹ ìlà kan.

Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ wo èyí. Ẹ̀jẹ̀ ilé ni o. Àmì méjì ló wà nínú ẹ̀.”

Mọ́kànlélógójì ni. Obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Méjìlélógójì, tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò sí nǹkan kan.

Ìyá Ẹ̀ẹ̀kan fa bébà náà mọ́ra, ó tún ìlà méjèèjì kà. Baba Láàbù bi í bóyá ó mọ ọmọ náà. Ó ní òun máa wádìí. Nígbà tí bàbá náà jáde tán, ó di ojú rẹ̀, ó fẹ́ rántí ẹni tó kọ́kọ́ na apá ní Sátidé ọjọ́ yẹn. Ó rí ọwọ́ kékeré méjì, ó gbọ́ ẹ̀rín, kò rí ojú. Kódà bó bá rántí èyí tó kọ́kọ́ na apá, túùbù wo ló kọ́kọ́ yọ nínú àpò? Kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibòmíràn láyé yìí tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Ọlọ́run, má jẹ́ kó jẹ́ tèmi. Ó tún un gbà, ó tún un gbà, kí ó tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Ọmọ méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, ta ló kù? Ọmọ tí àbúrò rẹ̀ fi ọdún mọ́kànlá wá, tí òun fúnra rẹ̀ bá a wá kiri láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn, tó jẹ́ pé ọwọ́ òun ló bọ́ sí nígbà tó wá sáyé. Ìtìjú bá a. Síbẹ̀, kò yí àdúrà náà padà. Ẹ jẹ́ ká má purọ́ fún ara wa, ìyá wo ló máa yí i padà?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí Àgbà tó wọ aṣọ iléèwé, ìyá rẹ̀ ti gba ẹ̀jẹ̀ lápá rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó lẹ nọ́ńbà mọ́ túùbù kí ó tó yọ abẹ́rẹ́. Ọmọ náà bi í pé ṣé èyí tí wọ́n gbà níjọ́sí ti tán ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bẹ Baba Láàbù pé kí ó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá, bàbá náà kò béèrè ohun tó fà á. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ló yọ orí sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Èyí mọ́ tónítóní o.”

Ìyá Ẹ̀ẹ̀kan lọ ti ara rẹ̀ mọ́ inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Ó fi tówẹ́ẹ̀lì di ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Ayọ̀ ni, ayọ̀ gidi, irú èyí tí kò ṣe é pa mọ́. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ó tó wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ó rí obìnrin kan tó ń yọ̀ pé ọmọ àbúrò òun ló máa ṣàìsàn.

Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ ńlá kan ṣì wà tí wọ́n lè ṣe fún Rédíò. Ọ̀gá Dókítà ní oògùn kan tí wọ́n ń dán wò fún àwọn ọmọ tó ní àmì méjì, tí wọ́n ń fà sí wọn lára fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, bóyá á lè dá ogun náà dúró fún ọdún díẹ̀. Kò wò ó sàn, ṣùgbọ́n ọdún díẹ̀ tí ọmọ ò ní máa gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ ínsúlínì kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọmọ mẹ́jọ ni àyè wà fún. Mẹ́ta ló kù lọ́jọ́ tí èsì jáde. Òfin wọn sì ni pé kò sí ọmọ tó lè wọlé láìjẹ́ pé ìyá tàbí bàbá rẹ̀ mọ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i.

Ó ní òun máa sọ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Sátidé dé, àbúrò rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní òun ti yege nínú ìdánwò kọ̀ǹpútà, kò fẹ́ ba inú rẹ̀ jẹ́. Sátidé kejì, orí ń fọ́ àbúrò rẹ̀. Sátidé kẹta, àwọn àlejò wà nílé. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe nǹkan, ọjọ́ gbogbo ni yóò máa ní àbùkù lójú rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ó ń ṣọ́ Rédíò bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ó ń ka iye ife omi tó mu. Ó ń ka iye ìgbà tó lọ tọ̀. Nígbà tí ọmọ náà bá sùn lọ́sàn-án, á dìde lọ wò ó bóyá oorun lásán ni. Ní kíláníìkì, àyè ọmọ mẹ́ta di méjì, méjì di ọ̀kan.

Ní Sátidé karùn-ún, oòrùn mú púpọ̀. Rédíò mu omi lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín wákàtí kan, ó sì ń lọ tọ̀ léraléra. Ọkàn Ìyá Ẹ̀ẹ̀kan ò lélẹ̀ mọ́. Ó fún ọmọ náà ní ike kékeré kan pé kí ó tọ̀ sínú rẹ̀, ó fa ilẹ̀kùn láìrí i pé kò dé tán, ó ki bébà tí wọ́n fi ń wo ṣúgà bọ inú rẹ̀. Kò sí ṣúgà níbẹ̀. Oòrùn lásán ni. Ó mí kanlẹ̀, ó da ìtọ̀ náà nù, ó yíjú padà, Rédíò dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń wò ó.

Ohun tí èèyàn bá ṣe lójú Rédíò, kó yáa gbà pé gbogbo ayé ti gbọ́. Àbúrò rẹ̀ kò tíì bọ́ bàtà tán nírọ̀lẹ́ kí ọmọ náà tó ròyìn pé Mọ́mì ńlá ń ki bébà bọ inú ìtọ̀ òun, pé bébà náà ní àwọ̀ yẹ́lò, pé Mọ́mì ńlá sì ń gbàdúrà nígbà tó ń wò ó.

Akọ̀wé ilé ẹjọ́ náà ní kí àwọn ọmọ lọ ṣeré níta. Ó fa àga, ó jókòó. Kò gbé ohùn sókè.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ̀ ń wá nínú ìtọ̀ ọmọ mi?”

Ìyá Ẹ̀ẹ̀kan sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àpótí tí kò kún, ó sọ ti ẹ̀jẹ̀ ilé, ti nọ́ńbà tí kò tètè lẹ̀, ti àmì méjì, ti oògùn ọjọ́ mẹ́rìnlá àti àyè kan ṣoṣo tó kù. Ó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ ní kíláníìkì, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, torí pé kò mọ ohùn mìíràn tó lè lò. Àbúrò rẹ̀ gbọ́ ọ tán. Ó béèrè ọjọ́ tí èsì jáde, ó fi ìka ka ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín. Ó béèrè bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ti Rédíò ni. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ kan Àgbà, tí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ gbà ní ọjọ́ kejì pàá. 

Àbúrò rẹ̀ wá ní, “Ká ní inú ẹ̀jẹ̀ ti Àgbà ni àmì yẹn wà, ọjọ́ wo ni ǹ bá ti gbọ́?”

Ìyá Ẹ̀ẹ̀kan lè purọ́ níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kò ní í mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́.

“Lọ́jọ́ náà gan-an ni. Ǹ bá ti máa sunkún bọ̀ nílé ẹ.”

“Mo mọ̀,” ni àbúrò rẹ̀ wí. Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀, wọ́n lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó tẹ àbúrò rẹ̀ láago lẹ́ẹ̀méje, kò gbé e. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Ìyá Ẹ̀ẹ̀kan lọ bá Ọ̀gá Dókítà kí ó tó jókòó, ó tú gbogbo rẹ̀ fún un. Ọ̀gá náà di orí mú. Ó ní gbogbo ẹ̀jẹ̀ ilé tó wà nínú ìwádìí náà ló di dandan kí wọ́n yọ kúrò, iṣẹ́ ọdún méjì, ó sì ní òun máa kọ ìwé sí àwọn tó wà lókè, nípa òun fúnra rẹ̀ àti nípa nọ́ọ̀sì náà. Kò sọ pé òun kò mọ̀. Ó kàn béèrè bóyá ìyá ọmọ náà máa wá, torí pé òun kò ní fi àyè tó kù sílẹ̀ kọjá ọ̀sán. Ìyá Ẹ̀ẹ̀kan ní òun kò mọ̀.

Ó wá. Aago mẹ́jọ kù díẹ̀ ló wọlé, ó di ọwọ́ Rédíò mú, aṣọ ilé ẹjọ́ ló wọ̀. Nọ́ọ̀sì kejì ń bẹ ní wọ́ọ̀dù, kò sí ẹlòmíràn tó lè gba fọ́ọ̀mù. Àbúrò rẹ̀ wo yàrá yíká, ó ní kò burú, kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ fún òun láìfo ìlà kankan. Ojú ewé mẹ́sàn-án ni. Ìyá Ẹ̀ẹ̀kan kà á. Ó ka ibi tí wọ́n ti ní oògùn náà lè fa ibà àti ara yíyún, ó ka ibi tí wọ́n ti ní ó lè má ṣiṣẹ́ rárá, ó ka ibi tí wọ́n ti ní ìyá lè yọ ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ tó bá wù ú. Àbúrò rẹ̀ ń béèrè ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀ rí, ó ń sọ ẹ ṣé lẹ́yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Rédíò ń wo ìyá rẹ̀, ó ń wo Mọ́mì ńlá, kò sì sọ nǹkan kan. Àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ní ìgbẹ̀yìn, ó kan ibi tí wọ́n ti ń béèrè ẹni tí kíláníìkì lè pè bí wọn kò bá rí ìyá ọmọ. Ìyá Ẹ̀ẹ̀kan kò tilẹ̀ ronú. Orúkọ tirẹ̀ ló máa ń wà níbẹ̀, ní iléèwé, ní ọ̀dọ̀ dókítà eyín, níbi gbogbo. Ó ti kọ mẹ́rin nínú nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀ kí ó tó gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀.

“Nọ́ńbà yín kọ́.”

Ó fa ìlà lé e. Àbúrò rẹ̀ ka nọ́ńbà mìíràn fún un, ti obìnrin kan tó ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀, tí yàrá wọn dojú kọ ara wọn. Ó kọ ọ́. Fọ́ọ̀mù tún béèrè ohun tí ẹni náà jẹ́ sí ọmọ, iṣẹ́ sì niṣẹ́, ó ní láti béèrè.

Àbúrò rẹ̀ ronú díẹ̀. Ó ní, “A ò bára tan. Àmọ́ bó bá mọ nǹkan nípa ọmọ mi, ó máa sọ fún mi.”

Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀ kò gùn. ‘Alábàágbé’ ni Ìyá Ẹ̀ẹ̀kan kọ sí i. Ó yí ìwé náà sí ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀, ó sì fi bírò lé e lọ́wọ́ kí ó fọwọ́ sí i.